Kí Ló Tú Àwọn Ológbò Òkè Alps Ká?

Òǹkàwé wa kan kọ̀wé báyìí: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí ní ìlú Linz, ní Ọ́stríà. Láìpẹ́ yìí a ṣe ìdágbére fún ìyá àgbà kan tó fẹ̀yìn tì níbi iṣẹ́ wa. Bí wọ́n ṣe gbé orin kan sí i, gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Nígbà tó yá, tọmọdé tàgbà bẹ̀rẹ̀ sí í gbè é, omi sì ń bọ́ lójú àwọn mìíràn. Wọ́n ní ‘Heast as nit’ ni wọ́n ń pè é. Mi ò lè bá wọn gbè é, torí irú èdè Jámánì tí wọ́n fi kọ ọ́ kọ́ ni èyí tí mo kọ́ ní kíláàsì. Wọ́n ní ẹgbẹ́ tó kọ ọ́ ti tú ká láti 1994, ìgbà tí òkìkí wọn ń kàn jù sì ni wọ́n tú ká. Mo bi wọ́n bóyá owó ló dìjà, wọ́n ní rárá. Mo ní kí ló wá dé, kálukú ń sọ tirẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni ẹgbẹ́ olórin ṣe ń ga tó báyẹn, tí á sì tú ká láìsí ìjà?”

Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Ó ti pẹ́ tí orin àwọn èèyàn yìí ti wà lọ́kàn mi, inú mi sì dùn pé ibi tí ènìyàn ti ń sunkún ni ẹ ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, kì í ṣe ilé ọtí.

Orúkọ ẹgbẹ́ náà ni Hubert von Goisern und die Original Alpinkatzen. “Alpinkatzen” ni àwọn ológbò òkè Alps. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ kókó ọ̀rọ̀: ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹgbẹ́ yìí tú ká. Ìgbà àkọ́kọ́, wọn ò tíì lókìkí, ìdí nìyẹn tí kò fi sẹ́ni tó rántí rẹ̀ mọ́. Ìtúká yẹn gan-an ló sì là wọ́n lọ́nà. Ìkejì ni ti 1994 tí àwọn ará ibi iṣẹ́ yín ń sọ. Ẹni tó bá ń ro ti 1994 láìro ti àkọ́kọ́, ìjà ni yóò máa wá níbi tí kò ti sí ìjà.

Ìlú kékeré kan ni Bad Goisern, ní àgbègbè Salzkammergut, nínú ìpínlẹ̀ kan náà tí Linz yín jẹ́ olú ìlú fún. Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ojú irin ní Linz, ẹ ó pààrọ̀ ọkọ̀ ní Attnang-Puchheim, ọkọ̀ kejì á gbà ẹ̀gbẹ́ adágún omi àti ìsàlẹ̀ òkè kọjá títí tí ẹ ó fi débẹ̀. Iyọ̀ ló fún àgbègbè náà lórúkọ, torí “Salz” ni wọ́n ń pe iyọ̀, wọ́n sì ti ń wa iyọ̀ nínú òkè Hallstatt, tí kò jìnnà síbẹ̀, láti ayébáyé. Bad Ischl, tó wà lójú ọ̀nà kan náà, ni ọba ńlá wọn, Franz Joseph, ti máa ń lo ìgbà ooru. Àárín ilẹ̀ olókè, ilẹ̀ oníyọ̀, ilẹ̀ àwọn àlejò ọlọ́lá, ni orin ìbílẹ̀ àgbègbè náà ti dàgbà: orin ijó Ländler, àtẹ́wọ́ pípa tó ní ìlànà tirẹ̀, àti Jodler, ìyẹn ohùn tí wọ́n máa ń gbé láti inú àyà fò sókè lọ sí ohùn tín-ín-rín lẹ́ẹ̀kan náà, láìsí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀.

Láàárín 1950 sí 1952 ni wọ́n bí ọkùnrin mẹ́ta tí gbogbo Ọ́stríà padà mọ̀ sí Bad Goisern yìí. Jörg Haider ni ọ̀kan, olóṣèlú tó gbé ẹgbẹ́ òṣèlú FPÖ karí ọ̀rọ̀ pé àwọn àjèjì ti pọ̀ jù. Ìkejì ni Wilfried Scheutz, olórin tó fi gìtá rọ́ọ̀kì kọ orin ìbílẹ̀ “Ziwui Ziwui” ní 1973, nígbà tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣì ṣàjèjì sétí. Ìkẹta ni Hubert Achleitner, tí wọ́n bí ní ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá 1952. Òun ló wá pe ara rẹ̀ ní Hubert von Goisern. “Von” yẹn, àwọn ìdílé ọlọ́lá ló máa ń wà lórúkọ wọn nígbà ayé ọba. Ìjọba fi òfin pa irú oyè bẹ́ẹ̀ rẹ́ ní 1919. Ọmọ ìlú kékeré yìí ló wá mú un lo, kí ó fi sọ pé Goisern lòun ti wá.

Bẹ́ẹ̀ sì ni Goisern kò kọ́kọ́ mọyì rẹ̀. Ó wà lọ́mọdé nínú ẹgbẹ́ onífèrè ìlú, ó ń fọn tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì. Òun àti ọ̀gá ẹgbẹ́ náà kò gbọ́ra wọn yé lórí irú orin tó yẹ kí wọ́n máa ṣe. Fèrè yìí, ti ẹgbẹ́ ni, nítorí náà wọ́n gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo máa ń dúró síbi ìtàn yìí pẹ́, torí gbogbo ohun tó ṣe lẹ́yìn ìgbà náà ló jọ ìdáhùn sí fèrè tí wọ́n gbà. Ó mú gìtá. Ó kúrò nílé. Ó gbé Gúúsù Áfíríkà, ó gbé Kánádà, ó sì dé Filipínì, níbi tó ti jókòó ti àwọn ẹ̀yà orí òkè láti gbọ́ orin wọn. Ohun tó rí níbẹ̀ yà á lẹ́nu: àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ń kọ orin baba wọn láìtijú. Ní ilé tirẹ̀, ìtìjú ńlá wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìtìjú yẹn, torí òun ni ìpìlẹ̀ ìtàn yìí, àwọn ará ibi iṣẹ́ yín sì lè má sọ ọ́ fún yín. Nígbà tí Hitler gba Ọ́stríà ní oṣù Kẹta 1938, ìjọba rẹ̀ sọ orin ìbílẹ̀ àti aṣọ ìbílẹ̀ di ohun èlò òṣèlú. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, olórí ọlọ́pàá Salzburg pàṣẹ pé Júù kankan kò gbọdọ̀ wọ aṣọ àwọn ará òkè mọ́, ìyẹn ṣòkòtò awọ àti dirndl tí àwọn obìnrin ń wọ̀. Ẹ rò ó wò. Ọ̀pọ̀ ìdílé Júù láti Vienna ló ti ń lọ lo ìgbà ooru ní Salzkammergut fún ìran mélòó kan, wọ́n ń wọ aṣọ yìí nítorí pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, aṣọ tí ẹni gbogbo ń wọ̀ di àmì ẹni tó jẹ́ ọmọ ilé àti ẹni tí kì í ṣe ọmọ ilé. Nígbà tí ogun parí, kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Orin náà kò kú, ṣùgbọ́n àbàwọ́n ti bá a. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ní làákàyè ní ọdún 1960 sí 1980 ń rí ṣòkòtò awọ bí ẹní rí aṣọ ìjọba Hitler, wọ́n sì ń sá fún akọ́díọ̀nù bí ẹní sá fún àrùn.

Lẹ́yìn náà ni tẹlifíṣọ̀n tún wá fi tirẹ̀ kún un. Ní 1981 ni ètò Musikantenstadl bẹ̀rẹ̀, Karl Moik ni atọ́kùn rẹ̀, wọ́n sì ń wò ó ní Ọ́stríà, ní Jámánì àti ní Switzerland. Gbogbo nǹkan ibẹ̀ ń tàn yanran, gbogbo ẹnu ló ń rẹ́rìn-ín, orin náà sì rọ̀ bí àkàrà òyìnbó. Àwọn tó mọ orin dájú ní Ọ́stríà máa ń pààlà sáàárín ọ̀rọ̀ méjì tó jọra: Volksmusik, orin tí àwọn èèyàn bí fúnra wọn, àti volkstümliche Musik, èyí tí wọ́n ṣe kó lè jọ ọ́, fún títà. Ẹ di ìyàtọ̀ yìí mú, yóò wúlò fún yín lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá ní kí ẹ bọ́ sínú ijó ní ilé ọtí. Ọ̀dọ́ tó bá wá fẹ́ orin ilé rẹ̀ nígbà náà bá ara rẹ̀ láàárín ohun méjì tí kò fẹ́: àbàwọ́n 1938 lápá kan, ṣúgà tẹlifíṣọ̀n lápá kejì.

Ọdún 1986 ni gbogbo rẹ̀ pàdé. Kurt Waldheim, tí àwọn àgbà wa mọ̀ dáadáa torí pé òun ni akọ̀wé àgbà àjọ UN láti 1972 sí 1981, ń du ipò ààrẹ Ọ́stríà. Ó hàn sí gbogbo ayé pé ó ti fi ibi tó wà àti iṣẹ́ tó ṣe lójú ogun pamọ́. Síbẹ̀ ó wọlé ní oṣù Kẹfà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà ni Haider gba ipò olórí FPÖ. Ọ̀rọ̀ ogun tí wọ́n ti bò mọ́lẹ̀ fún ogójì ọdún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Ọdún náà ni Hubert Achleitner àti Wolfgang Staribacher dá ẹgbẹ́ Alpinkatzen sílẹ̀ ní Vienna. Mi ò sọ pé ọ̀rọ̀ Waldheim ló mú wọn dá a sílẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé orílẹ̀-èdè tó ń bi ara rẹ̀ pé “ta ni àwa gan-an?” ti ṣetán láti gbọ́ ẹni tó máa fi ohùn mìíràn dáhùn.

Ohun èlò tí wọ́n mú jáde ni akọ́díọ̀nù, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Steirische Harmonika. Ọwọ́ bàbá àgbà rẹ̀ ni Hubert ti gba ọ̀kan. Kò ní pátákó funfun àti dúdú bíi dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì. Bọ́tìnnì ló ní, bọ́tìnnì kan náà á sì fún ọ ní ohùn kan nígbà tí o bá ń fà á, á fún ọ ní òmíràn nígbà tí o bá ń tẹ̀ ẹ́ padà. Ìdí nìyẹn tí orin rẹ̀ fi máa ń dà bí ẹni tó ń mí. Vienna náà ni Cyrill Demian ti gba ìwé ẹ̀tọ́ fún ohun tó kọ́kọ́ pè ní accordion, ní oṣù Karùn-ún 1829. Láti ibẹ̀ ló ti káàkiri ayé, títí dé ọwọ́ I.K. Dairo, tó gbé akọ́díọ̀nù oníbọ́tìnnì wọ inú jùjú. Nítorí náà, bí ohùn yẹn bá ta yín létí ní Linz tó sì dà bí ohun tí ẹ ti mọ̀ rí, ẹ ò ṣìnà.

Àwo àkọ́kọ́ tí ẹni méjì yìí ṣe, “Alpine Lawine”, jáde ní 1988. “Lawine” ni yìnyín tó ya lulẹ̀ láti orí òkè wá, tó ń gbé gbogbo ohun tó bá pàdé lọ. Àwo náà kò gbé ẹnikẹ́ni lọ. Bí ẹ bá gbọ́ ọ lónìí, ẹ ó gbọ́ àwọn ọkùnrin méjì tó ní ọgbọ́n lórí, tí wọ́n ń dán nǹkan wò, ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ wọn kò tíì tẹlẹ̀. Wọ́n ń fi orin ìbílẹ̀ ṣeré bí ẹni tó ń wò ó láti òkèèrè. Kí àwo kejì tó jáde, Staribacher ti bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Ìtúká àkọ́kọ́ nìyẹn. Kí ni ó yí padà? Ohun méjì ni mo rí. Lákọ̀ọ́kọ́, ibi tí ẹni méjì ti ń jíròrò tẹ́lẹ̀, ẹnìkan ṣoṣo ló wá ń pàṣẹ. Orúkọ ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ sọ ọ́: Hubert ló ṣíwájú, àwọn Ológbò tẹ̀ lé e. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sí i. Ìkejì, ó kó ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì gidi jọ. Reinhard Stranzinger mú gìtá, ó sì mọ gìtá náà í ta débi tí kò fi ní kí akọ́díọ̀nù sá sẹ́yìn. Stefan Engel jókòó sídìí kíbọọ̀dù. Wolfgang Maier ń lu ìlù. Wọ́n sì rí ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Sabine Kapfinger, tí wọ́n ń pè ní Alpine Sabine, tí Jodler ti wà lẹ́nu rẹ̀ bí èdè abínibí.

Lójú tèmi, Sabine ni kọ́kọ́rọ́. Olórin rọ́ọ̀kì tó gbé orin abúlé lẹ́yìn, a ti rí i tẹ́lẹ̀; Wilfried ti ṣe é ní ogún ọdún ṣáájú. Ṣùgbọ́n kí ọmọbìnrin kan dúró lórí ìtàgé, kí gìtá máa ké ramúramù lẹ́yìn rẹ̀, kí ó sì la ẹnu kí Jodler jáde láìsí ẹ̀fẹ̀, láìsí àfiṣe-yẹ̀yẹ́, bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti òkè kan sí òkè kejì, ìyẹn kò ṣẹlẹ̀ rí lójú àwọn ọ̀dọ́ ìgbà náà. Ìtìjú ọdún gbọọrọ bọ́ kúrò lára wọn bí aṣọ tó tutù.

Àwo ọdún 1992 ló gbé wọn dé òkè. Orúkọ rẹ̀ ni “Aufgeigen stått niederschiassen”: kí a ta gòjé dípò kí a yìnbọn pa ara wa. Bí mo bá ní kí n yan ọ̀rọ̀ kan tó sọ gbogbo èrò ọkùnrin yìí, orúkọ àwo yẹn ni n ó mú. Ẹ̀ka-èdè ìlú rẹ̀ ló fi kọ ọ́, ó tilẹ̀ fi òbìrìkìtì kékeré sórí lẹ́tà “a” kó lè bá ohùn Goisern mu. Ìdí tí ẹ kò fi lè bá wọn gbè é nìyẹn. Àwọn ará Jámánì gan-an, òmíràn nínú wọn ní láti ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ kó tó yé wọn.

Orin tó kọ́kọ́ gba ìgboro ni “Koa Hiatamadl”. Orin ijó àtijọ́ ni. Ọkùnrin kan ń sọ pé òun ò fẹ́ ọmọbìnrin tó ń da màlúù, torí iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ kò nípọn tó. Ti ìgboro lòun fẹ́. Ọ̀rọ̀ ìdárayá lásán, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Hubert fi ìlù rọ́ọ̀kì sábẹ́ rẹ̀, ó jẹ́ kí akọ́díọ̀nù gbá orí rẹ̀ kọjá, gbogbo Ọ́stríà sì jó o nígbà ooru 1992. Ó jó dé Bavaria, ó jó dé ibi tí wọn kò ti mọ Goisern sí. Ilé ijó àwọn ọ̀dọ́ ń lò ó, ọjà àgbẹ̀ ń lò ó. Láàárín oṣù díẹ̀, ẹni tí wọ́n gba fèrè lọ́wọ́ rẹ̀ di ẹni tí gbogbo ẹgbẹ́ onífèrè abúlé ń ta orin rẹ̀.

Orin yẹn kọ́ ni mo fẹ́ kí ẹ fi mọ̀ wọ́n o. Nínú àwo kan náà ni “Weit, weit weg” wà, orin ẹni tó jìnnà sí olólùfẹ́ rẹ̀, àti “Heast as nit”, èyí tí ẹ gbọ́. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ni: ṣé o ò gbọ́? Kí ni kí a gbọ́? Bí àkókò ṣe ń lọ ni. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ ti darúgbó, àwọn àgbà ti kú. Ó ní àná ti di òní, òní ò sì ní í pẹ́ di ọ̀la. Kò sí ọ̀rọ̀ ńlá kan níbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́wàá lè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣe: ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí, ibẹ̀ ni Jodler ti gbà á. Ohùn tí wọ́n ti ń gbé lórí òkè wọ̀nyẹn láti ìran dé ìran ló dáhùn sí ọ̀rọ̀ pé ìran ń lọ. Ọ̀rọ̀ ń sọ pé gbogbo nǹkan á kọjá, ohùn tó ń gbè é sì ni ohun tí kò kọjá. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará ibi iṣẹ́ yín fi sunkún, àwọn náà lè má mọ bí wọn yóò ṣe ṣàlàyé rẹ̀.

Orin kan tún wà tó ń jẹ́ “Goisern”. “Georgia on My Mind” ni, orin tí Hoagy Carmichael gbé jáde ní 1930, tí Ray Charles sì sọ di tirẹ̀ ní 1960. Hubert mú orin tí ìran dúdú Amẹ́ríkà ti jẹ́ kí ayé mọ̀, ó fi ẹ̀ka-èdè rẹ̀ sí i, ó sì pa Georgia dà sí Goisern. Ìfẹ́ ìlú tó gba ọ̀nà ọ̀dọ̀ Ray Charles wọlé: ẹ fi èyí wé irú ìfẹ́ ìlú tí Haider, ọmọ ìlú kan náà, ń wàásù rẹ̀ lọ́dún kan náà, tí òun náà ń wọ aṣọ ìbílẹ̀ lọ sí ibi ìpolongo. Ogún kan ni, àwọn ajogún méjì. Ẹ̀yin tí ẹ wá láti òkèèrè, tí ẹ ń tọ́jú àwọn arúgbó wọn, ẹ mọ èyí tí ó gba ẹ̀yin náà mọ́ra nínú méjèèjì.

Ó wá ku ti 1994. Ní ọdún náà ni àwo “Omunduntn” jáde, ìyẹn “lókè àti nísàlẹ̀”. Àwo tó dára ni, òkìkí sì ń pọ̀ sí i. Ìgbà náà ni Hubert sọ pé ó tó. Wọ́n ṣe eré ìdágbére káàkiri ní ìparí ọdún, ibi tó bá ti ṣeré ń kún fọ́fọ́, àwọn orin tí wọ́n gbà níbi eré náà sì jáde nínú àwo onípele méjì ní 1995, “Wia die Zeit vergeht”: bí àkókò ṣe ń lọ. Ọ̀rọ̀ inú orin tí ẹ gbọ́ yẹn ló mú sọ àwo ìdágbére.

Àwọn ará ibi iṣẹ́ yín tọ̀nà pé kì í ṣe owó. Ohun àkọ́kọ́ ni bí ilé náà ṣe dúró. Mo ní a ó padà sí i. Láti ìgbà ìtúká àkọ́kọ́ ni ẹgbẹ́ náà ti di òpó kan ṣoṣo: Hubert ló ń kọ orin, òun ló ń kọ ọ́ lẹ́nu, orúkọ rẹ̀ ló ṣíwájú, òun àti alábòójútó rẹ̀, Hage Hein, ló ń pinnu ibi tí wọ́n ń lọ. Irú ilé bẹ́ẹ̀ máa ń yára ga. Kò sí ìpàdé tí kò parí, kò sí ìbò. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí òpó yẹn bá rẹ̀, kò sí òpó kejì tí yóò gbé òrùlé. Ẹgbẹ́ tí ẹni mẹ́rin jọ ni í, ìjà ló máa ń tú u ká. Èyí tí ẹnìkan ni, àárẹ̀ ẹni náà ti tó.

Ó sì ti rẹ̀ ẹ́ lóòótọ́. Láti 1992 ni wọ́n ti ń bọ́ láti orí ìtàgé kan sí òmíràn. Gbogbo ibi tí wọ́n dé, “Koa Hiatamadl” ni wọ́n ń kígbe. Ohun kejì nìyẹn, òun ló sì wúwo jù lójú mi. Orin tí ó fi já ẹ̀wọ̀n orin ìbílẹ̀ ti di ẹ̀wọ̀n tuntun fún un. Ó ti yọ orin ìbílẹ̀ kúrò lọ́wọ́ tẹlifíṣọ̀n tó ń tàn yanran. Ilé ọtí wá gbà á, ó sì ń fẹ́ kí Hubert dúró síbẹ̀, kí ó máa wọ ṣòkòtò awọ, kí ó máa ṣe é bákan náà lálaalẹ́. Ní oṣù Kẹwàá 1994, FPÖ Haider gba ìdá 22.5 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò. Ìfẹ́ ìlú ti di ohun tí gbogbo ènìyàn ń fẹ́ rà, kò sì sí bí olórin ṣe lè dúró sẹ́nu ọ̀nà kí ó bi oníkálukú pé irú ìfẹ́ wo ló gbé e wá. Mo gbà gbọ́ pé ó rí i pé bí òun bá tún ṣe ọdún mẹ́ta sí i, ohun tí òun sá fún ní 1986 ni òun yóò ti dà.

Ẹ wo ẹgbẹ́ mìíràn tí kò dá ara rẹ̀ dúró. Zillertaler Schürzenjäger, láti àfonífojì Zillertal ní Tirol, bẹ̀rẹ̀ ní 1973 gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ orin ìbílẹ̀, wọ́n da rọ́ọ̀kì pọ̀ mọ́ ọn, wọ́n sì ń kó ogunlọ́gọ̀ èèyàn jọ sí pápá ní Finkenberg. Wọ́n pẹ́ gan-an. 2007 ni wọ́n tó ṣe ìdágbére, àwọn kan nínú wọn sì tún fi orúkọ náà padà wá lẹ́yìn ìgbà náà. Inú àwọn olólùfẹ́ wọn dùn, mi ò sì ní bu iṣẹ́ wọn kù. Ṣùgbọ́n orin wọn ọdún kejì àti orin wọn ọdún kẹwàá, ilé kan náà ni wọ́n ń gbé.

Hubert kò jókòó lẹ́yìn 1994. Ó ṣe lára orin fíìmù “Schlafes Bruder” tó jáde ní 1995. Ó lọ sí Gombe ní Tànsáníà, níbi tí Jane Goodall ti ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìnàkí, ó sì lọ bá àwọn ará Tìbẹ́tì. Àwo méjì jáde nínú ìrìn àjò wọ̀nyí ní 1998, “Gombe” àti “Inexil”. Àwọn tó ń dúró de “Koa Hiatamadl” kejì kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ní 2000 ló padà pẹ̀lú àwo “Fön”, ẹgbẹ́ tuntun, orúkọ tirẹ̀ nìkan; kò sí Alpinkatzen níbẹ̀ mọ́. Láti 2007, ó sọ ọkọ̀ ojú omi di ìtàgé, ó bá odò Danube sọ̀ kalẹ̀ dé itòsí Òkun Dúdú, ó tún gba omi lọ sí apá Rotterdam, ó ń pe àwọn olórin ibi gbogbo tó bá dé sórí ọkọ̀. Linz yín ni ìrìn àjò náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, torí pé ìlú náà ni wọ́n yàn ní olú ìlú àṣà Yúróòpù fún 2009. Ní 2011, nígbà tó ń sún mọ́ 60 ọdún, “Brenna tuats guat” di orin tó tà jù ní Ọ́stríà. Ọ̀rọ̀ owó àti oúnjẹ tí wọ́n ń sun níná ló wà nínú rẹ̀, ariwo akọ́díọ̀nù sì wà lábẹ́ rẹ̀ síbẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ wọn fúnra yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú àwo 1992, kí ẹ sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú èyí tí wọ́n gbà níbi eré ìdágbére. Ẹ gbọ́ “Heast as nit” nínú méjèèjì. Nínú ti ìkejì, ẹ ó gbọ́ ogunlọ́gọ̀ tó mọ̀ pé èyí ni ìgbẹ̀yìn. Ẹ ti ní ẹ ò lè bá wọn gbè é nítorí èdè. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ẹsẹ rẹ̀ fún yín. Nígbà tí wọ́n bá dé ibi Jodler, kò sí Jámánì níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kankan kò sí tí ẹ ó ṣì pè. Ẹ gbé ohùn sókè pẹ̀lú wọn.